Kápẹ́ẹ̀tì Funfun

"Mummy, ẹ má bọ́ bàtà! Ẹ máa wọlé bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Adédiwúrà ló ń bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Mummy Ọlábámijí ti bọ́ ọ. Wọ́n to bàtà méjèèjì sí etí kápẹ́ẹ̀tì funfun náà, wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wọ pálọ̀ àna rẹ̀. Ọgbà káfíńtà ní Ikosi ni wọ́n wà o, kì í ṣe pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Pákó, gọ́ọ̀mù àti ayùn ló kún ibẹ̀. Àárín wọn ni Adédiwúrà to ìsọ̀ ìpàtẹ tuntun kan tó fúnra rẹ̀ yà sí, kó lè dán an wò kí ọkọ̀ tó wá kó o ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìsọ̀ náà rẹwà, ká sọ tòótọ́. Iléeṣẹ́ kan tó ṣe áàpù ìṣirò fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ni ín, ọ̀la sì ni wọ́n fẹ́ pàtẹ rẹ̀ níbi tí àwọn oníléèwé ti máa pé jọ ní Ìkẹjà. Ògiri funfun, iná funfun, tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́fà lórí tábìlì funfun, kápẹ́ẹ̀tì funfun tó rọ̀ múlọ́múlọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, ti wo àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Èyí gan-an ni." Ó tún ṣèlérí pé bí eléyìí bá yọrí, Adédiwúrà náà ni yóò ṣe ti Ìbàdàn àti ti Àbújá. Oṣù kẹta rèé tí ọmọbìnrin náà fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ láti dá dúró, iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyí. Bó bá bàjẹ́, àfi kó padà lọ bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Bẹ́ẹ̀, ó ti fọ́nnu púpọ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ.

Mummy Ọlábámijí ní tiwọn ní iléèwé aládàáni kékeré kan ní Ketu. Irú wọn gan-an ni áàpù náà wà fún, ìdí nìyẹn tí Adédiwúrà fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun wò ó. Wọ́n dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan bo ìkejì nítorí gìgísẹ̀ wọn tó ti là. Wọn ò fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì kankan. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi jáde.

"Ó dáa gan-an, ọmọ mi. Olúwa á fi àṣeyọrí sí i."

"Ẹ ò tiẹ̀ béèrè nǹkan kan, Mummy."

"Kí n béèrè kí ni? Mo ti rí i náà." Wọ́n ti ń wá bàtà wọn. "Jẹ́ kí n má lọ ba nǹkan yín jẹ́."

 Adédiwúrà wo Yúnúsà, káfíńtà tó bá a ṣiṣẹ́ náà, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láti àárọ̀ tí Yúnúsà ti ń wọlé tó ń jáde, etí kápẹ́ẹ̀tì ni sálúbàtà rẹ̀ wà. Òun Adédiwúrà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Yéè! Oṣù kan gbáko ló fi ya nǹkan yìí, kò rò ó lẹ́ẹ̀kan pé kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó máa fi bàtà tẹ irú kápẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Àwọn oníléèwé tó ń bọ̀ lọ́la, tí àwọn mìíràn á ti gba inú ẹrẹ̀ Mile 12 kọjá, ṣé wọ́n á máa bọ́ bàtà láàárín èrò ni? Wọ́n á kàn kí àwọn tó wà nídìí ìsọ̀ láti ìta, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan.

"Ẹ káàsán, sà. Mo fẹ́ yọ kápẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò."

"Yọ kí ni? Funfun ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀!"

"Àwọn èèyàn ò ní wọlé, sà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Má fọwọ́ kàn án o. Mò ń bọ̀ níbẹ̀." Ó pa fóònù.

Adédiwúrà ò lè jókòó. Ó bẹ Mummy Ọlábámijí pé kí wọ́n dákun dúró díẹ̀ sí i. Ó lọ fi òòlù kan ìṣó tó ti wọlé tipẹ́. Ó nu tábìlì tó mọ́, ó tún un nù.

"Madam, ẹ jókòó," ni Yúnúsà wí. "Ẹ ti wo géètì yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá."

"Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná."

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan wọlé, tòun ti bàtà dúdú tó ń dán. Láti géètì ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Wò ó, mi ò fẹ́ ká dà bí àwọn tó kù. Ibi tó mọ́ tónítóní ni mo fẹ́. Kí ló le níbẹ̀? Èèyàn á kàn rìn wọlé ni, á wo nǹkan, á..."

Ó dé etí kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà ọ̀tún, ó sì bọ́ ọ.

 Yúnúsà kọjú sí ògiri, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo sálúbàtà Yúnúsà àti bàtà Adédiwúrà tí wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ta ló ní kí n bọ́ bàtà?"

"Kò sẹ́ni, sà."

Ẹ̀rù ń ba Adédiwúrà, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Ṣùgbọ́n kò dúró gba àṣẹ mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó di etí kápẹ́ẹ̀tì mú, ó fà á. Gọ́ọ̀mù dún fàà. Pákó lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àmì lẹ́ẹ̀dì Yúnúsà lára rẹ̀. 

"Mummy, ẹ wọlé."

Mummy Ọlábámijí wo ilẹ̀, wọ́n wo bàtà wọn, wọ́n sì rìn wọlé, ko, ko, ko. Wọ́n fa àpótí Yúnúsà mọ́ra, wọ́n jókòó, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, ọ̀gbẹ́ni? Tí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì ní iléèwé mi, ṣé ó máa ṣiṣẹ́? Tí ọmọ bá gbà á tì, ṣé ó máa ṣàlàyé fún un ni, àbí ó kàn máa sọ pé kò gbà á?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan lóṣòó tì wọ́n, ó ń fi ìka hàn wọ́n, bàtà ọ̀tún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Adédiwúrà ń ká kápẹ́ẹ̀tì lọ ní tirẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù fọn fèrè ní géètì.

"Ẹ ní kó dúró," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mummy ò tíì béèrè tán."