Àyè Elégbè

Orí àga bàbá mi ni àwo orin kan jókòó sí, ó sì ní kí n ti ilẹ̀kùn nítorí eruku. Mo ti ilẹ̀kùn. Ilé wa ní Ìkìrun ni a wà, nínú pálọ̀ tí wọ́n ti wó láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn ògiri rẹ̀ ti padà sí ipò wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe bíríkìlà. Ọ̀sán gangan ni. Àwo náà dúdú, etí rẹ̀ kan ti ṣá díẹ̀, bébà àárín rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ẹgbẹ́ Ìdí Ààrò. Orúkọ ènìyàn mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀, ti bàbá mi, Ọláòṣebìkan, ló sì kẹ́yìn. Wọ́n kọ jìtá sí iwájú rẹ̀.

"Bàbá mi ò kọrin rí," mo sọ fún àwo náà.

"O ò bi wọ́n ni," ó dá mi lóhùn.

Inú bí mi. Ọdún mọ́kànlélógójì ni èmi àti bàbá mi fi jọ wà láyé. Ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo mọ̀ wọ́n sí. Bí rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀ orin báyìí, wọn á dìde, wọn á ní àwọn fẹ́ lọ wo nǹkan lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lẹ́yìnkùlé wa ju igi ìbẹ́pẹ kan ṣoṣo lọ. Mo gbà pé wọn ò fẹ́ràn orin ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbà títí mo fi sin wọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwo kan wá ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé n ó gbọ́ orin yẹn lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá sì fẹ́ dí mi lọ́wọ́, kó múra.

Mo ní kí àwo náà kọ ọ́. Ó ní òun kọ́ ló ń kọ ọ́, òun kàn ń gbé e kiri ni. Ó ní àwọn tí ń kọ ọ́ wà nísàlẹ̀.

Ibi tí ìkòkò omi wa máa ń wà tẹ́lẹ̀ ti di ẹnu àtẹ̀gùn. Mo gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Páálí ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn náà, páálí pẹlẹbẹ tí àwo orin máa ń wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: Ó bàjẹ́, ẹ dá a padà. Bí mo ti ń tẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń kérora. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bí igba nínú wọn kí ẹsẹ̀ mi tó kan ilẹ̀.

Ilé ìdáná ló wà níbẹ̀, ó tóbi tó gáréèjì. Ènìyàn mẹ́rin jókòó yí ààrò ká, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan, ṣòkòtò gbogbo wọn sì fẹ̀ lẹ́nu débi pé n kò rí bàtà wọn. Bàbá mi wà nínú wọn. Bàbá mi gbé jìtá oníná lé itan, wáyà rẹ̀ sì wọ inú ẹyin iná lọ. Irun orí wọn dúdú, ó kún, ó ga. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n. Èmi ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ewú sì ti wà ní irùngbọ̀n mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ó ṣe mí bákan, nítorí ọmọdé ni wọ́n lójú mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń kí wọn. Wọn ò rí mi. Òkè àjà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wò.

Obìnrin àárín wọn ń jẹ́ Mosúnmọ́lá. Èédú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ta jìtá, ó dún kíkan, Mosúnmọ́lá sì lé orin bí ìyá tí ń pa àlọ́ fún ọmọ ṣe máa ń lé e:

Mo ti oko dé o, ta ló wà nílé?

Gbogbo wọn dá ọwọ́ dúró. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń retí. Ó tó àsìkò tí ènìyàn lè fi bó ọsàn kan tán. Ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Bàbá mi tún ta jìtá, Mosúnmọ́lá tún bèèrè ẹni tó wà nílé, gbogbo wọn sì tún dákẹ́.

Mo bèèrè lọ́wọ́ òkúta ààrò tó sún mọ́ mi jù pé kí ni wọ́n ń dúró dè.

"Elégbè," òkúta náà wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Àlọ́ ni wọ́n sọ di orin jìtá. Ṣé o rí ẹni tó ń pa àlọ́ tó tún ń gbe orin ara rẹ̀ rí? Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ará ilé ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ra àwo yìí, tó bá ti gbọ́ lílé, òun àti ìyàwó àti ọmọ á gbè é. Wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí làwọn tó rà á wá ṣe?"

"Wọ́n ní ó máa ń dákẹ́ láàárín. Wọ́n ní ó bàjẹ́. Wọ́n dá a padà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, kò sì lè jáde. Mo mọ irú àṣìṣe yẹn. Àwa tí wọ́n fi àlọ́ tọ́ dàgbà nìkan ló lè ṣe é. Mo wo bàbá mi bí wọ́n ti gbé àgbọ̀n sókè, tí ọrùn wọn nà, ó sì dùn mí wọ egungun.

Òkúta náà ní kí n wo òkè. Abẹ́ àwo orin ni àjà ilé náà. Abẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ọmọ odó ń yí lórí rẹ̀, ó ń sún mọ́ bébà pupa tó wà láàárín. Ó ku ìyípo méje. Tó bá ti kan bébà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gbé ohun èlò wọn kalẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò lé orin náà mọ́. Bàbá mi á tún lọ lẹ́ẹ̀kejì láìgbọ́ ìdáhùn.

Mo ya ẹnu láti gbè é. Ohùn mi kò rí ibi wọ̀. Ó padà sí mi lọ́fun bí omi gbígbóná.

"Àyè gan-an kọ́ nìyẹn," òkúta náà wí. "Àpá rẹ̀ nìyí. Nílé iṣẹ́ rédíò ni wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí gé àyè gan-an kúrò."

Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn àkójọ igi ìdáná. Mo ṣí i, mo sì bá ara mi nílé iṣẹ́ rédíò. Ọkùnrin kan jókòó nídìí tábìlì, ó gbé awò ojú sí iwájú orí, ó ń jẹ gúgúrú. Àlùmọ́gàjí wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo kí i, mo sì sọ ohun tí mo bá wá.

"Èmi ni mo gé e," ó wí, kò tilẹ̀ ta ko ọ̀rọ̀ mi. "Rédíò kì í dákẹ́, ọ̀rẹ́. Tí rédíò bá dákẹ́ láyé ìgbà yẹn, àwọn ará ìlú á rò pé àwọn ṣọ́jà tún ti gba ìjọba ni. Àwọn kan á ti máa di ẹrù."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ dá a padà fún mi."

"Lọ kọ lẹ́tà."

Mo kọ lẹ́tà. Ó ní kí n jókòó, mo jókòó. Gúgúrú inú abọ́ rẹ̀ kò dín. Yàrá náà di kíláàsì, tíṣà kan sì ní kí n jáde nítorí pé mo ti dàgbà jù. N kò jáde. Ó di ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n gé ewú irùngbọ̀n mi, ó sì tún hù kí wọ́n tó gbọn aṣọ. Mo jókòó. Omi kún inú yàrá dé orókún mi, ẹja kan gbé lẹ́tà mi kọjá, mo gbà á padà lẹ́nu rẹ̀, mo sì tún fi lé orí tábìlì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé olórí kunkun ni mí. Wọ́n sọ ọ́ nílé, wọ́n sọ ọ́ níléèwé, ìyàwó mi náà sì ń sọ ọ́ títí di òní. Ọjọ́ yẹn ló wúlò fún mi.

Nígbà tí omi gbẹ, ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ta ló bí ìwọ yìí?"

"Ọláòṣebìkan oníjìtá ni."

Ó fa dúrọ́ọ̀, ó gbé agolo bisikíìtì kan tó ti dógùn-ún jáde, ó sì tì í sí mi lọ́wọ́. Àwọn àyè náà ló wà nínú rẹ̀, méjìlá, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, kò sì sí èyí tó fúyẹ́. Mo gbé ọ̀kan sí etí. Mo rò pé n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Àkùkọ kọ lọ́nà jíjìn. Àga kan dún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí bàbá mi fa èémí, tí wọ́n sì dá a dúró sí àyà, bí ẹni tó mọ̀ dájú pé wọ́n fẹ́ dá òun lóhùn. Mo sunkún níbẹ̀, níwájú ọkùnrin tó ń jẹ gúgúrú. N kò sunkún báyẹn nígbà tí a sin wọ́n.

Ilẹ̀kùn tí mo gbà wọlé ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wọ inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Mo fi èjìká ti àwọn páálí, mo fi orí ti àwọn fáìlì, títí mo fi tún bọ́ sílé ìdáná. Abẹ́rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà. Ó ku ìyípo kan. Mo kúnlẹ̀, mo to àwọn àyè náà sílẹ̀ láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọ ipò rẹ̀. Iná inú ààrò ń jó, ṣùgbọ́n kò dún mọ́.

"Kí ni gbígbè orin yìí?" mo bi òkúta.

"Wọn ò ṣe é rárá. Mo ti sọ fún ẹ. Àwọn ará ilé ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún."

Mosúnmọ́lá lé e. Mo ti oko dé o, ta ló wà nílé? Àyè náà ṣí sílẹ̀ níwájú mi, ó fẹ̀, ó sì mọ́. Kí ẹ mọ̀ pé n kì í kọrin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ètè nìkan ni mo máa ń mì. Ẹ̀rù bà mí ju bó ti bà mí rí lọ, ṣùgbọ́n n kò wá síbẹ̀ láti wá wòran. Mo ya ẹnu:

Àwa la wà nílé, ẹ wọlé.

Ohùn mi já láàárín. Bàbá mi fi ọwọ́ pa okùn jìtá mọ́lẹ̀. Òkè ni wọ́n ṣì ń wò.

"Ohùn yẹn ò dáa," wọ́n wí. "Tún un gbè."

Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè. Mo tún un gbè. Ó sàn díẹ̀. Wọ́n tún lé e, mo tún gbè é. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, abẹ́rẹ́ gbéra kúrò lórí àwo, ó dúró sójú afẹ́fẹ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bọ́ sí ìlà kejì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí:

Ẹni tó ń gbè mí, jẹ́ n rí ojú rẹ.

Bàbá mi sọ ojú kalẹ̀ láti òkè. Ó pẹ́ wọn, nítorí ọrùn wọn ti wà lókè láti bí àádọ́ta ọdún, ó sì ń dún kẹ́kẹ́. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Akínlàjà ni, sà."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ yín ni mí, sà."

Wọ́n wo irùngbọ̀n mi. "O dàgbà jù mí lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló wá dé tó o pẹ́ tó báyìí?"

"Ẹ ò sọ fún mi."

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní òótọ́ ni. Wọ́n sún lórí ìjókòó, wọ́n fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì lọ jókòó síbẹ̀. Ara wọn gbóná. Òórùn gírísì kò tíì sí lára wọn.

"Ó yá," wọ́n wí. "Èyí tó kàn, ìwọ lo máa lé e."

Ẹnìkan gbá mi léjìká. Adùnọlá ìyàwó mi ló jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé atẹ ẹ̀wà tó ń ṣà lé itan, oòrùn ọ̀sán ọjọ́ Àìkú sì wọlé láti ojú fèrèsé bò ó.

"Ojú oorun lẹ ti ń lé orin. Ìgbà kẹfà rèé tí mo ti ń gbè é fún yín pé àwa la wà nílé," ó wí. "Ẹ lé e lọ, ẹ má dákẹ́."

N kò tíì la ojú tán. Mo lé e.