Ìbò Ojú Dídì

"Ẹ dijú," ni Claudette Pettway, ààrẹ ẹgbẹ́, wí. "Ẹni tó bá gba Hollis Brandt wọlé, kó na ọwọ́ sókè."

Obìnrin mẹ́tàdínlógún dijú nínú gbọ̀ngàn abẹ́ ilé ìjọsìn kan ní Montgomery. Báyìí ni wọ́n ti ń dìbò láti ọdún 1931. Ààrẹ nìkan ló ń wo ọwọ́. Odessa Tillery, akọ̀wé, na ọwọ́ tirẹ̀.

"Ó wọlé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hollis ni òyìnbó àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú yìí máa gbà nílùú náà. Odessa ò bínú sí ọmọ yẹn. Hollis ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í gbéra ga. Verlene Stallworth ni ayọ̀ tirẹ̀ pọ̀ jù.

"Kò sẹ́ni tó tún lè pè wá ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà mọ́. Bàbá rẹ̀ sì wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn!"

"Ṣé bàbá rẹ̀ la gbà ni, àbí òun fúnra rẹ̀?" Odessa bi í.

"Odessa, má tún bẹ̀rẹ̀ o."

Orúkọ kejì ni Keosha Mims. Odessa dìde láti jẹ́rìí sí i. Ó ní Keosha ń dáná nílé ìwòsàn, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi kàwé alẹ́ kó tó gboyè.

"Ọmọ dáadáa ni," Verlene wí, "àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Aṣọ ìdáná ló wọ̀ wá lọ́jọ́ tá a pè é wá ká lè mọ̀ ọ́n. Òórùn epo gba gbogbo ilé. Ebi tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ibi iṣẹ́ ló ti wá," Odessa wí. "Ẹ ní aago mẹ́rin, aago mẹ́rin ló dé. Hollis fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́, ẹ ní ọkọ̀ ló pọ̀ lójú ọ̀nà."

Ẹgbẹ́ yìí ti kọ Odessa fúnra rẹ̀ rí, lọ́dún 1994. Aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ló ń fọ̀ nígbà náà, bàtà tó yá wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pè é wá sì há a lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n kọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó ti fóònù. Ní 1997, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbà á ní 2001, òun àti Verlene ni wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn.

"Ẹ dijú. Ẹni tó bá gba Keosha Mims, kó na ọwọ́."

Odessa na ọwọ́, ó sì lajú.

Ọwọ́ mẹ́fà ló rí, pẹ̀lú tirẹ̀. Ọwọ́ Verlene méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, ó dijú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Verlene yìí kan náà jẹ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ abọ́ méjì nílé Odessa, ó ní, "Tiwa ni Keosha, fọkàn balẹ̀."

Odessa fa ìwé ìpàdé mọ́ra.

"Kò wọlé," ni Claudette wí. "Ó dùn mí o. Arábìnrin Odessa, kí lẹ ń kọ?"

"Orúkọ àwọn tí kò na ọwọ́. Mọ́kànlá ni wọ́n."

Verlene fò dìde. "O lajú? Odessa, o lajú! Àṣà àwọn ìyá wa!"

"Àwọn ìyá wa dijú kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó máa lọ sọ fún ọ̀gá òyìnbó. Ta lẹ̀yin ń sá fún? Ọmọ tó ń dín adìyẹ?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ pa á rẹ́," ni Claudette wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Bíírò ni mo fi kọ ọ́."

Odessa pa ìwé náà dé, ó fi í há abíyá, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ibo lẹ ń gbé ìwé ẹgbẹ́ lọ?" Claudette bi í.

"Ilé ìdáná ilé ìwòsàn. Ó ku wákàtí kan kí Keosha tó ṣíwọ́. Ẹni tó bá lẹ́nu, kó wá sọ ìdí tó fi kọ̀ ọ́ fún un lójúkojú."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, kò bojú wẹ̀yìn wo bóyá ẹnì kan ń bọ̀.