Ohun Tí À Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ṣe Nílé Yìí

Obìnrin kan wà tí kò sí nǹkan tí àbúrò ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ bi í nípa òrùlé tó ń jò, ó ti wo fídíò ẹ̀. Ẹ bi í nípa ẹ̀yìn ríro, ó ti wo fídíò ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó wo fídíò kan tán, ó dìde, ó lọ tú ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wọn, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n sì fi ń gbá omi síta. Látìgbà náà ni obìnrin yìí ti sọ ọ́ ní Ọ̀mọ̀ràn. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà sì gbà pé wọ́n ń yin òun ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló wọlé wá. Kò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún un tán tó fi nàka sí igun pálọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń lo nǹkan yìí?" Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kọ̀ǹpútà ló ń wí. Ká má purọ́, kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe arẹwà. Ó tóbi, ó dúdú, ìdí ẹ̀ máa ń gbóná, wáyà mẹ́fà ló sì jáde lẹ́yìn ẹ̀. Lábẹ́ tábìlì tí wọ́n gbé e lé, pẹ́dà kékeré kan wà nílẹ̀, bíi ti máṣíìnì ìránṣọ. Ìdí kọ̀ǹpútà yìí ni obìnrin náà ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Ọ̀rọ̀ kóòtù ló máa ń tẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ẹjọ́ tán, kóòtù á gbé ohùn gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún un, adájọ́, lọ́yà, ẹlẹ́rìí, nínú nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan tí kò ju ìka lọ. Á tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, á fi nǹkan bo etí, á sì máa tẹ ohun tó ń gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ méjèèjì wà lókè, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí pẹ́dà. Tó bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, ohùn á máa lọ. Tó bá gbẹ́sẹ̀ sókè, ohùn á dúró dè é. Tó bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn á padà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè tún un gbọ́. Ọwọ́ kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rárá. Tí wọ́n bá bi ẹlẹ́rìí ní nǹkan tó sì dákẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹlẹ́rìí dákẹ́, torí adájọ́ fẹ́ mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é ní igun yẹn.

Àsìkò yẹn gan-an ló wá gba gírígírí. Kóòtù ní àwọn mẹ́fà tó ń tẹ̀wé fún àwọn láti ilé ti pọ̀ jù, mẹ́ta péré làwọn máa mú. Wọ́n máa pín ẹjọ́ fún kálukú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, kí kálukú sì gbé tiẹ̀ padà kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá pẹ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà ti sọ fún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ní, "Á dáa," ó sì yí tẹlifísọ̀n sí ibòmíràn.

Ọ̀mọ̀ràn fa nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ nínú báàgì. Ó ní tábúlẹ́ẹ̀tì nìyí, ó ní kò sí ẹni tójú ẹ̀ là tó ṣì ń gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sínú pálọ̀ mọ́. Ẹ lè dùbúlẹ̀ lò ó. Ẹ lè gbé e wọ ilé ìwẹ̀. Igun yẹn á sì ṣófo, ẹ̀gbọ́n á lè gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ gbọ́ àga ìrọ̀gbọ̀kú, ṣe ló jókòó dáadáa.

"Báwo ni màá ṣe máa fi ṣiṣẹ́?" Obìnrin náà ló bèèrè.

"Ṣé títẹ̀wé yẹn? Ìyàwó wa, ẹ ò tiẹ̀ ní tẹ nǹkan kan mọ́. Ẹ máa sọ̀rọ̀, á máa kọ ọ́ fúnra ẹ̀." Ó tẹ nǹkan lójú ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì," ni ọkọ wí.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó gbẹ díẹ̀."

Ọ̀mọ̀ràn gbé e fún obìnrin náà tẹ̀ríntẹ̀rín. Lóòótọ́ ló kọ ọ́. Kí lẹ jẹ láàárọ̀ búrẹ́dì ṣé ó dùn ó gbẹ díẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lọ gbọọrọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá sọ̀rọ̀.

"Ta ló bèèrè níbí, ta ló dáhùn?"

"Ẹni tó bá ń kà á á mọ̀."

"Ọ̀mọ̀ràn, tó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ jù sẹ́wọ̀n ló dáhùn ńkọ́?"

Ọ̀mọ̀ràn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù nǹkan tuntun ló ń ba ìyàwó wọn. Obìnrin náà yínmú sí i, ó sì bá tiẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Ó rò pé ariwo ẹnu lásán ni, bíi ti ìgbà gbogbo. Àṣìṣe tiẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ gba ẹjọ́ tiẹ̀ lọ́wọ́ rẹ́jísírà kóòtù, obìnrin kan tó máa ń gbé gíláàsì ojú sórí, tí kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ náà gùn, wákàtí mẹ́rin ohùn. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ló délé. Igun pálọ̀ ti ṣófo, pẹ́dà nìkan ló ṣẹ́kù lábẹ́ tábìlì. Eruku tó yí ìdí kọ̀ǹpútà ká ṣì wà lórí tábìlì, wọn ò tiẹ̀ rántí nù ún. Ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ yẹn lé ikùn, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

"Dádì, kọ̀ǹpútà mi dà?"

"Àbúrò mi ti bá wa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òun la fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wá wò ó, aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fún wa."

Obìnrin náà gbé báàgì kalẹ̀. Ó pe Ọ̀mọ̀ràn lórí fóònù. Ọ̀mọ̀ràn ní kó má ṣèyọnu, wọ́n ti tú kọ̀ǹpútà yẹn palẹ̀, wọ́n ti ń yọ àwọn ohun tó ṣì dáa nínú ẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀.

Ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà lórí ikùn ọkọ rẹ̀, ó gbé e ka tábìlì, ó jókòó tì í. Kò sí ihò tí pẹ́dà lè wọ̀. Kò sí ihò tí nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ yẹn náà lè wọ̀; ẹ̀ẹ̀kejì tó pe Ọ̀mọ̀ràn ni ọkùnrin náà tó rántí pé okùn kan wà nínú páálí tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀. Tó bá fẹ́ dá ohùn dúró, á gbọ́wọ́ kúrò nínú ìwé tó ń kọ, á lọ wá ohùn náà lójú ibòmíràn, á tẹ̀ ẹ́, ìwé á ti pòórá, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kiri. Lẹ́tà tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ bo ìdajì ojú ẹ̀, ìlà mẹ́rin péré ló ń rí lẹ́ẹ̀kan. Wákàtí méjì ló fi lò ó bẹ́ẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta ló rí tẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé á ti tẹ mẹ́wàá. Ara ta á. Ó mọ̀ pé tó bá jókòó síbẹ̀ di ọ̀la, iṣẹ́ ti bọ́.

"Dádì, nǹkan yìí ò lè ṣe iṣẹ́ mi."

Ọkọ dìde jókòó. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, torí kì í ṣe èèyàn tó ń fi ìwàǹwára ṣe nǹkan. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ka mítà omi láti ojúlé dé ojúlé kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó máa ń gbà gbọ́ àfi èyí tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ sílẹ̀. Ó lọ sí yàrá, ó mú ìwé kan jáde, ìlà tó fi rúlà fà wà lára ẹ̀ nigínnigín.

"Má rò pé a kàn ṣe é bẹ́ẹ̀ yẹn," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ gbogbo ohun tí à ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nílé yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la fi wò ó, èmi àti àbúrò mi. Kò sí ọ̀kan tí tábúlẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe."

Obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó kà á. Wíwo bọ́ọ̀lù. Kíka ìròyìn. Wíwo fọ́tò ọmọ-ọmọ wa. Bíbá ọmọ wa obìnrin sọ̀rọ̀ ní ojúkojú. Wíwo bóyá òjò máa rọ̀. Gbígbọ́ orin. Títa káàdì. Lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ iná, ẹ̀ẹ̀kan. Ìkẹsàn-án ni wíwo aago.

Ó tún un kà láti òkè. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi kọ ìwé yẹn, ojoojúmọ́ ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ibi tí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sí.

"Níbo ni tèmi wà?"

Ọkọ gba ìwé náà padà. Ó wò ó. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, bóyá ó wà níbẹ̀.

"Ìyẹn..." ló wí. "Ìyẹn ò sí lára pé à ń lo kọ̀ǹpútà. Ìwọ ṣáà máa ń jókòó síbẹ̀ ni."

Ó dun obìnrin náà wọra. Ó fẹ́ sunkún, ká sọ tòótọ́, fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló wo ọkùnrin yìí, pẹ̀lú ìwé onírúlà ẹ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú sálúbàtà àti ẹsẹ̀ kejì lórí ilẹ̀ lásán, ẹkún náà sì wábi gbà. Wíwo aago. Èèyàn tó fi ọgbọ̀n ọdún rí omi tó ń kán nínú páìpù lábẹ́ ilẹ̀ kò rí obìnrin tó jókòó níwájú ẹ̀. Ó pòṣé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká wáyà pẹ́dà rẹ̀ jọ, ó sọ ọ́ sínú báàgì pẹ̀lú nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ yẹn, ó sì jáde. Ọkọ ń bi í pé ibo ló ń lọ, ó ti kọjá géètì, ó forí lé kóòtù.

Rẹ́jísírà gbọ́ gbogbo ẹ̀ láìgbójú sókè. Ó ní kọ̀ǹpútà kan wà nínú yàrá fáìlì lẹ́yìn, ó ti gbó, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Aago méjìlá ọ̀la kò yẹ̀ o." Obìnrin náà jókòó sí àárín fáìlì tó ga dé àjà, ó gbé pẹ́dà kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó tẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn láago mẹ́fà. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló ń dúró de ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù nígbà tó gbé ìwé náà ka iwájú rẹ́jísírà, ojú ewé mọ́kàndínlógójì. Obìnrin yẹn fa gíláàsì sójú, ó ka ibi mẹ́rin, ó wo ibi tí ẹlẹ́rìí ti dákẹ́, ó ní, "Ó dáa." Lẹ́nu tiẹ̀, ìyìn ńlá nìyẹn.

Ó wá ní òun ti mú un mọ́ àwọn mẹ́ta náà, tábìlì yẹn sì wà níbẹ̀ o, ní ojoojúmọ́, láago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi lọ̀ ọ́ látẹ̀yìnwá, tí obìnrin náà ń kọ̀ torí ọkọ rẹ̀ ní ta ló fẹ́ máa gbé oúnjẹ ọ̀sán fún òun. Lọ́tẹ̀ yìí, rẹ́jísírà ò tíì panu dé tí obìnrin náà fi gbà.

"Oúnjẹ ọ̀sán ńkọ́?" ni ọkọ bi í lálẹ́.

"Fídíò wà lórí bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Ẹ bi Ọ̀mọ̀ràn, á ti wò ó."

Ká sọ ti Ọlọ́run, ọkọ gbádùn tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Gbogbo ohun mẹ́sàn-án tó kọ sílẹ̀ ló ń fi ṣe, ó ń gbé e wọ ilé ìwẹ̀, ó gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú sí igun pálọ̀. Ọ̀mọ̀ràn wá wò ó, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń mi orí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti yé ara wọn, kò sì sí ohun tó kan obìnrin náà níbẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, láago kan ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọkọ pè é lórí fóònù níbi iṣẹ́.

"O ti ń bọ̀?"

"Aago mẹ́rin ni mo máa ń ṣíwọ́, Dádì. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan." Ó yí fóònù sí etí kejì. "Mi ò rí oorun ọ̀sán sùn mọ́ ni. Ilé yìí ti dákẹ́ jù. Ìró kan wà tó máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ̀tẹ̀tẹ̀, láti àárọ̀. Òun ni mo fi máa ń sùn lọ. Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn ló máa ń ró bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Èmi ni."

"Ìwọ?"

"Èmi ni mo ń ṣiṣẹ́."

"Mi ò mọ̀," ni ọkọ wí.

Obìnrin náà mọ̀ pé kò purọ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù nínú gbogbo ẹ̀. Ó sọ fún un pé òun ní ẹjọ́ méjì nílẹ̀, ó pa fóònù, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.