Ọtí Tí Burcea Mu Lórí Ìtàgé

"Bàbá Voica, ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e mì? Mo ní ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e mì!"

Ìyá Voica ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ìlú kẹfà tí wọ́n gbé eré ìfẹ́ yìí dé nìyí. Ní ìlú márùn-ún tó ṣáájú, tíì tútù ló ń wà nínú ìgò tí wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó nínú eré. Bàbá ọkọ á gbé e wá, aṣọ pupa lára ìgò, wúrà lọ́rùn ìgò. Bàbá ìyàwó á mu ún, tó bá ti mu ún, ó ti fọmọ fún wọn nìyẹn. Bí àwa ẹ̀yà Roma ṣe ń ṣe é nílé gan-an náà nìyẹn.

Àmọ́ lónìí, ara ẹni tó ń ṣe bàbá ọkọ ò yá. Istrate, tó bí Zamfir tó ń ṣe ọkọ, ló dípò rẹ̀. Ọtí gidi ló rọ sínú ìgò, wúrà ìdílé rẹ̀ ló sì so mọ́ ọn. Burcea, bàbá Voica tó ń ṣe ìyàwó, nínú eré àti nílé, gbé e mì kàló. Bàbá Grancea, àgbà tó ń parí ìjà fún wọn lágbègbè yẹn, dìde láàárín èrò, ó ní, "Ẹ kú oríire! Ìtọrọ ti di òótọ́!" Ọ̀rọ̀ bá di iṣu ata yán-an-yàn-an.

"Ó ti dé ọ̀fun kí n tó mọ̀," ni Burcea wí. "Ṣé kí n tu ú sójú èrò ni? Eré la kúkú ń ṣe!"

"Eré kẹ̀? Wúrà ìyá mi ni eré?" Istrate ń fọwọ́ pa irunmú. "Àna mi, ọtí ṣì ń rùn lẹ́nu yín."

Voica jókòó lórí àpótí aṣọ, orí rẹ̀ dàrú. Ó fẹ́ràn Zamfir. Ká ní wọ́n bi í lánàá ni, kò ní jẹ́ kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló wá dé tó ń ṣe é bíi pé wọ́n jà á lólè? Òun ni wọ́n tọrọ ni, àbí ọmọ inú eré?

"Zamfir, ṣé o mọ̀ sí i?"

Zamfir ń wolẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bàbá ẹ máa kọ̀."

"Bàbá mi! Èmi ńkọ́?"



Bàbá Grancea tipá wọlé. "Ẹ rọra o, èrò ń gbọ́ yín. Burcea, gbogbo wa la rí ọ. Ṣùgbọ́n n ò tíì gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ gbé ìgò. Voica ọmọ mi, kí lo wí?"

Ìyá rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí i pé kó kọ̀. Ojú ni bàbá rẹ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà, kí ìtìjú má bàa dé.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Òótọ́ ni mo ń sọ. Ọmọ inú eré ti gbà, wọ́n ti kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé eré. Èmi ni ẹnikẹ́ni ò tíì bi."

Zamfir sún mọ́ ọn. "Voica, ṣé wàá..."

"Kì í ṣe níbí!" Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á. "Wá sílé wa lọ́la, kó o bi mí lójú ìyá mi. Má mú bàbá ẹ dání. Má mú ọtí kankan wá."

Bàbá Grancea mi orí. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ parí eré yín."

Ìgbéyàwó ló kàn nínú eré. Wọ́n ṣí aṣọ ìkélé, Voica sì jáde lọ fẹ́ Zamfir lójú gbogbo èrò. Kò tíì mọ ohun tóun máa sọ fún un lọ́la.