Táyà Ẹ̀yìn Apá Òsì

Ọ̀gá Hirose, olórí ẹgbẹ́ eré ìje ọkọ̀ wa, ti sọ ọ́ fún mi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré náà: bí mo bá ṣe ipò kẹfà, ó kéré tán, nínú eré ìje ìkẹyìn ọdún náà, èmi ni n ó wa ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa ní ìpele tó ga sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Bí mo bá ṣe ipò keje, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ ní ilé iṣẹ́ ní Hamamatsu, ní Japan níbí. Mo tẹrí ba, mo dúpẹ́.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi dé ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíréèkì alùpùpù. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ di márùn-ún, iṣẹ́. Láti márùn-ún àbọ̀ di mẹ́sàn-án, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń rí ọkọ̀ wà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí pápá eré ìje láti díje, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi mí bóyá èmi ni mo wá di agboòrùn mú fún awakọ̀, bí àwọn ọmọbìnrin kan ti máa ń ṣe níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ni. Àṣíborí mi wà lọ́wọ́ mi.

Òtútù mú ní Okayama lọ́jọ́ eré ìje náà. Láti ipò karùn-ún ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti dì mí mọ́ ìjókòó débi pé orí mi nìkan ni mo lè yí díẹ̀. Bàbá Kuwabara, mẹkáníìkì wa, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wá lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Chinami, o ti jẹun?"

Mo ní mo jẹ ìṣù ìrẹsì kan.

"Ẹyọ kan? Ológbò ìyàwó mi ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sáré."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ló di táyà kọ̀ọ̀kan mú. Bàbá á fi sípánà yí i le, á nàka sí i, á sì pè é sókè pé, "Ó dáa!" Bí gbogbo wa ti ń ṣe nìyẹn, ní ilé iṣẹ́ àti ní ibùdókọ̀ ojú irin: ohun tí a kò bá nàka sí, tí a kò fi ẹnu pè, a kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Iwájú apá ọ̀tún, ó dáa. Iwájú apá òsì, ó dáa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ẹ̀yìn apá òsì. Ìgbà náà ni Alága Ebisawa, tó ń náwó sí ọkọ̀ wa, ń kọjá pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀. Bàbá gbé sípánà sílẹ̀, ó dìde, ó tẹrí ba títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ bíi pákó. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún làálàá ọdún náà. Bàbá tún tẹrí ba. Ta ló máa kọ ẹ̀yìn sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Nígbà tí wọ́n kọjá, ó mú sípánà, ó lọ sí ẹ̀yìn apá ọ̀tún. Ó dáa.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ.

Mo rò pé bóyá ariwo ló bo ìkẹrin mọ́lẹ̀. Alága ti dúró sí iwájú ọkọ̀ wa, wọ́n ń ya fọ́tò. Bí mo bá la ẹnu, gbogbo wọn á gbọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ń kọ́ àgbà ní iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ogójì ọdún. Mo ní lọ́kàn mi pé kí Alága kọ́kọ́ lọ ná. Kò lọ. Wọ́n gbé pátákó sókè pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kan táyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, kó lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn.

Mo ń sọ fún ara mi pé nọ́ọ̀tì náà le. Mo ń rí kọ́nà àkọ́kọ́, níbi tí ọkọ̀ mẹ́ta máa ń fẹ́ gba ọ̀nà ẹyọ kan. Mo ronú nípa ẹni tó máa wà lẹ́yìn mi bí táyà bá fò.

"Bàbá." Mo tún pè é. "Bàbá, n kò gbọ́ ti ẹ̀yìn òsì."

Ó wò mí, ó wo pátákó. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí Alága kọjá."

"O wá ń wò mí?"

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí àwọn alákòóso, wọ́n sì tì mí kúrò lórí ìlà. Ọ̀gá Hirose sáré dé, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá ní òun fẹ́ yẹ táyà wò. Nínú dígí ni mo ti rí i bó ṣe fi sípánà kan nọ́ọ̀tì náà. Ó yí. Ó yí tó ìlàjì kó tó le. Èmi àti òun nìkan la rí i.

Ọkọ̀ mẹ́tàlélógún ló wà níwájú mi. Mo kọjá mẹ́tàdínlógún, mo dé sí ipò keje. Àlàfo tó wà láàárín èmi àti ẹni kẹfà kò ju gígùn ọkọ̀ méjì lọ.

Nígbà tí a padà sí ibùdó wa, Ọ̀gá sọ ọ́ lójú Alága pé ẹ̀rù ló ba awakọ̀ òun tó fi pe Bàbá sí táyà tó dáa, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rù náà máa darí ọkọ̀. Mo tẹrí ba, mo tọrọ àforíjì. Mo lè sọ ti nọ́ọ̀tì náà. N kò sọ ọ́. Bàbá Kuwabara ló ṣí fìlà rẹ̀.

"Ọ̀gá, nọ́ọ̀tì náà yí. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọmọ yìí, táyà yẹn ì bá ti jáde ní kọ́nà àkọ́kọ́."

Ó tẹrí ba, kò sì gbé e sókè. Alága wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ìwé àdéhùn wà lórí tábìlì. Ó ní Alága fúnra rẹ̀ ló sọ pé ipò keje láti ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ju kẹfà lọ. Mo béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú ọkọ̀. Ó ní mẹkáníìkì tuntun ń bọ̀. Kuwabara á máa to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún un. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, pé ká ní mo sọ̀rọ̀ kí pátákó tó gòkè ni, Bàbá ì bá ti yí nọ́ọ̀tì náà le, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

Ọ̀gá ti tàdáwà pupa sọ́dọ̀ mi. "Ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn wà?"

Mo ní kò sí. Mo yọ òǹtẹ̀ orúkọ mi jáde, èyí tí a fi ń buwọ́ lùwé, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.