Ọbẹ̀ Ẹja Níwájú Kámẹ́rà

Àǹtí Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn tó ń ta oúnjẹ àgbélọ ló ń gbé oúnjẹ wá sílé rẹ̀, kó lè bá wọn ya fọ́tò rẹ̀ lọ́nà tí yóò wọ àwọn olùrà lójú. Á tú u kúrò nínú ike, á bù ú sínú àwo tó dáa, á gbé e síwájú fèrèsé, á sì fi páálí funfun darí ìmọ́lẹ̀ sí i lára. Ẹran tó bá ti gbẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún lóróró títí á fi máa dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà tuntun kan fi ọbẹ̀ ẹja ránṣẹ́. Bó ṣe ṣí ike náà báyìí, òórùn atalẹ̀ àti èèpo ọsàn gbá a nímú. Ó bu díẹ̀ tọ́ wò. Ahọ́n kì í gbàgbé: ọbẹ̀ tirẹ̀ ni.

Nígbà tí àìsàn dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ronú kan ọbẹ̀ yìí. Ọbẹ̀ náà nìkan ló ń dúró nínú ọkùnrin náà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sè é, ìyàwó sì kọ́ ọ. Kò kọ́ ẹlòmíràn láyé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà palẹ̀ ẹrù mọ́, tó bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí Fọ́tò pe oníbàárà náà lórí fóònù, ó dọ́gbọ́n bi í pé ta ló se ọbẹ̀ yìí.

“Ọkọ mi ni, Àǹtí,” lobìnrin náà wí, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. “Èmi ò lè sè é bíi tiẹ̀. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun.”

Àǹtí Fọ́tò mọ ìyá ọkọ rẹ̀ àtijọ́ yẹn dáadáa. Òórùn ẹja lásán, kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Pé ọkùnrin fi í sílẹ̀, ó ti gbé ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, kí wọ́n tún pa orúkọ ẹni rẹ́ nídìí ìkòkò, èyí há a lọ́fun. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀, ó dá a padà.

“Ó dùn,” ló kàn sọ. “Ó dùn gan-an.”

Ó to ẹja náà jẹ́jẹ́. Ó rẹ òwú sínú omi gbígbóná, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn àwo kí èéfín lè máa rú. Omijé ń dà, ó ń fi apá aṣọ nù ún kó má baà kán sí kámẹ́rà. Kò ya àwòrán tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà tún pè. Ó ní ọkọ òun wo àwòrán náà títí, ó béèrè ẹni tó yà á. Nígbà tí òun sọ fún un, ó ní kí àwọn wá ayàwòrán mìíràn.

“Èmi ò mọ ohun tó fà á. Ẹ má bínú, Àǹtí.”

Àǹtí Fọ́tò ní kò sí ìbínú. Ká sòótọ́, ó ti ń retí pé tọ́kùnrin náà bá rí àwòrán yẹn, yóò pe òun, bó tilẹ̀ jẹ́ láti sọ pé o ṣeun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ òkú fún. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé bá a níbẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì í.