Iná Ọjọ́ Àlejò

Ìgbì ni ìgbì. Ohun tí Christopher wí nìyẹn. Ó wí i wẹ́rẹ́, bí ẹni ń dárúkọ ara rẹ̀ fún àlejò. "Ìgbì ni ìgbì, Dókítà. Ṣé ẹ̀rọ máa ń béèrè lọ́wọ́ omi pé ta ló rú u ni?"

Ẹ̀rọ kì í béèrè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Èmi tí wọ́n fẹ́ pè wọlé nísinsìnyí láti wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo wà níbẹ̀, mo fojú mi rí i, ìgbì ọ̀sà ló tan iná yẹn—

Wọn ò tíì pè mí. Mo ṣì jókòó sórí àga ike ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yunifásítì wa ní Yábàá, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé. Àgbà ọkùnrin, tí irun ti funfun lórí rẹ̀, tó jókòó bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà. Nínú yàrá, Christopher ń fi fídíò wa han àwọn tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ti iṣẹ́ yìí lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ orin tó fi sí i. Orin! Kò sí orin kankan lórí omi lọ́jọ́ tí a ya fídíò náà.

Kí ló wà níbẹ̀? Ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ wa... ti ilé-iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwa náà ti ń pè é ní tiwa. Ó léfòó sórí ọ̀sà bí agbè ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní abúlé orí omi. Bí ìgbì bá gbé e sókè, tó sì gbé e wálẹ̀, yóò pèsè iná mànàmáná. Wáyà kan gba ara rẹ̀ lọ sára gílóòbù tí a so sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí náà. Gbogbo ohun tí a fẹ́ fi han ayé kò ju ìyẹn lọ: kí omi mì, kí gílóòbù tàn.

Ó sì tàn. Ó tàn lójú gbogbo àlejò tí a pè wá wò ó. Christopher pariwo. Munirah, akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí gbogbo ìwádìí rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ yẹn, fò sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo wà nínú fídíò náà, gbogbo eyín mi wà níta.

Ta ló ní kí wọ́n kó ọkọ̀ wá?

Èmi... rárá o. Èmi kọ́. Ohun tí mo sọ fún Baálé abúlé ni pé, "Bàbá, àlejò ń bọ̀. Ẹ bá wa gbà wọ́n dáadáa o." Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Baálé ní, "Ẹni tó bá gba orí omi wá, a kì í jẹ́ kó dá wọlé." Mo dúpẹ́. Mo rò pé ẹlẹ́rìndòdò ló fẹ́ lọ rà.

Àṣà wọn ni. Àlejò pàtàkì kì í gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn láìjẹ́ pé wọ́n fi ọkọ̀ yí i ká. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé kó gbogbo ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní jáde, wọ́n ń sáré yí wa ká, àwa àti ẹ̀rọ, wọ́n ń ju fìlà sókè, wọ́n ń kígbe, "Ẹ káàbọ̀! Ẹ káàbọ̀ o!" Omi ru gùdù. Ẹ̀rọ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò.

Nígbà tí wọ́n kí wa tán, wọ́n lọ. Omi rọlẹ̀. Gílóòbù ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú... ó kú.

Fídíò kò dé ibẹ̀. Christopher ti gé e.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó kéré tán nínú ikùn ara mi. Epo bẹntiróòlù ló tan iná yẹn. Iná tí kò ní í jó epo la ń wá kiri, epo ló sì jó lójú wa. Àwọn ará abúlé fi epo tí wọn ì bá fi lọ wá ẹja kí wa káàbọ̀, àwa sì gbé e, a ní ìgbì ni.

"Ìgbì náà kúkú ni! Àbí ìgbì tọkọ̀ rú kì í ṣe omi?"

Christopher pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ohun tó burú nìyẹn. Ẹnu ọmọ náà dùn. Níwájú èèyàn, Dókítà ni mo jẹ́. Bó bá ku àwa méjì, mo di Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da omi síná o. Bí àwọn yìí bá yí padà, Gánà ni wọ́n máa gbé owó wọn lọ." Mi ò sì lè pè é lólè. Ó gbà tọkàntọkàn pé bí ìrànwọ́ bá ti wọlé, a ó ṣe ẹ̀rọ mìíràn tó fúyẹ́, èyí tí ìgbì kékeré ọ̀sà yóò lè gbé. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré tẹ̀lé òótọ́ tí kò tíì dé, kí ló fẹ́ fi èyí tó ti dé ṣe?

Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ wa? Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀rọ. Ó ní ọkọ̀, ó ní òṣìṣẹ́, ó ní ọ́fíìsì tí òtútù ń mú èèyàn nínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Kí ni kò ní? Ẹnu wa. Ẹnu yunifásítì, tí ń sọ pé a yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyẹn nìkan la gbé wá sídìí àjọṣe yìí. Bí a bá wá fi ẹnu náà purọ́... kí ló kù lọ́wọ́ wa?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Gertrude, ọ̀gá ẹ̀ka wa, kò pè é ní irọ́. Ó gbá mi mú lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ yìí. "Tìrìmísíyù, ta ló ní kí o purọ́? Wọ́n á bi ọ́ bóyá iná tàn. Ṣé iná ò tàn ni?"

Iná tàn.

"Ṣé omi ò mì?"

Omi mì, mà.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Wọlé, kí o sọ bẹ́ẹ̀, kí o jáde."

Ó rọrùn. Gbólóhùn méjì, òótọ́ ni méjèèjì. Bí a bá so wọ́n pọ̀, wọ́n di irọ́. Mi ò mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn nírú ìyẹn. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́; bóyá wọ́n ti kọ́ ọ tán kí n tó dé.

Rewáyà ni mí. Rewáyà ni mí tẹ́lẹ̀, ní Múṣin. Mo ti bímọ kí n tó lọ jókòó ní kíláàsì alẹ́ láàrin àwọn tí mo lè bí lọ́mọ. Ohun kìíní tí ọ̀gá mi, Ọ̀gá Àmínù, kọ́ mi kì í ṣe bí a ti ń so wáyà. Ó ní, "Tìrì, iná tí o ò bá mọ ibi tó ti ń wá, má fọwọ́ kàn án. Tọ wáyà lọ. Máa tọ̀ ọ́ títí wàá fi bá a nílé."

Mo tọ̀ ọ́. Ohun tó kó mi sí wàhálà nìyẹn. Mo padà sí abúlé náà nígbà tí àlejò kankan kò sí níbẹ̀. Mo jókòó ti gílóòbù náà bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Iná rẹ̀ kò ju ti tannátanná lọ.

Jameelah gbé omi fún mi mu lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni, ilé-ìwòsàn Ìdí-Àràbà ló ti kọ́ṣẹ́, òun nìkan ló sì ń gbẹ̀bí lórí omi níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹnu ni mo fi ń di tọ́ọ̀ṣì mú lóru. Mi ò lè sọ fún obìnrin pé kó rún mọ́ra. Tó bá bi mí léèrè, 'ùn-ùn' ló ń gbọ́. Ọ̀kan ní òun rò pé àwa méjèèjì là ń rọbí." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àmì eyín wà lára tọ́ọ̀ṣì náà.

Ẹ̀rí ọkàn mi, ṣé o rí i báyìí? Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kó ẹ̀rọ lọ. Munirah á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jameelah á padà sídìí tọ́ọ̀ṣì. Irọ́ tó máa tanná fún aláboyún, ṣé irọ́ náà ni? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú ogún ọdún ọ̀hún... ẹni tí iná ń tàn fún ńkọ́? Mo ń wò ó. Mo ń wo Jameelah, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo, ẹnu rẹ̀ ṣófo, ó ń bá obìnrin sọ̀rọ̀, "rún mọ́ra, ó ti dé tán," gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò lókè orí wọn—

Iná lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn. Orin inú yàrá gé. Lẹ́yìn náà, ohùn Christopher: "Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé ẹ rí ìdí tá a fi nílò ìgbì?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí! Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.

Jẹnẹrétọ̀ dáhùn lẹ́yìn ilé. Ó húkọ́, ó tún húkọ́, ó wá gbé e. Iná dé.

Ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn.

Mo ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Kó tó dún rárá, mo ti ń gbọ́ ọ... níbo? Níbi tí Jameelah wà. Nínú àwòrán tí mò ń yà lọ́kàn mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá tan gílóòbù yẹn fún un, ọkọ̀ wà lẹ́yìn ilé. Fìlà ń fò sókè. Ojúmọmọ ni. Àlejò wà níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, mò ń pàtẹ́wọ́.

Mi ò tíì wo alẹ́ rí nínú àwòrán náà. Mi ò wo alẹ́ tí kò sí àlejò, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti sùn, tí omi dákẹ́ bí òróró inú àwo, tí obìnrin ké... tí Jameelah na ọwọ́ sí ibi tí a ní kó máa tanná, tí kò sí nǹkan kan. Tọ́ọ̀ṣì náà dà? Ó ti gbé e fún àwọn ọmọ ṣeré. Kí ló fẹ́ fi í ṣe mọ́? Yunifásítì ti sọ̀rọ̀.

Jameelah kọ́ ni mò ń gbèjà.

Ta wá ni? Sọ ọ́, àgbàlagbà. Ṣebí o ti ń tọ wáyà bọ̀, dé ilé báyìí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ ò mọ̀? Rewáyà ni tẹ́lẹ̀ kẹ̀." Òun ni mo fẹ́ fi aláboyún bò mọ́lẹ̀. Rewáyà ni mò ń fi pamọ́. Òun náà ló sì mọ iṣẹ́ yìí. Òun ló padà lọ jókòó ti gílóòbù.

Ilẹ̀kùn ṣí. Orí Christopher yọ, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Dókítà, ó kàn yín o." Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Mò ń bọ̀, àbúrò mi.

Mi ò tíì dìde. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi. Fídíò tí Munirah yà wà nínú rẹ̀, odindi, láìsí orin, títí dé ibi tí gílóòbù ti kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wò ó láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi ni mo pa ohùn náà, kí n má baà gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ohùn sókè. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí kò fi lè lọ sókè mọ́.

Mo dìde, mo gbé fóònù náà wọlé.